Ẹja Tí Kò Ní Ìpẹ́

Àwọn àrọ̀ náà ń jà nínú ike, omi ń ta sí ọlọ́kadà lẹ́yìn, Hàbíbátù sì di ike náà mú ṣinṣin láti Kuta títí wọ Ìwó. Ọkùnrin náà ń ráhùn, ọbẹ̀ ni Hàbíbátù ń rò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọdún kan gbáko ni kò ti fẹnu kan ẹja. Nígbà tí ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n ń bó funfun, Alhájà, ìyá ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. "Ìpẹ́ lèyí," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá ń jẹ ohun tó ní ìpẹ́, ìpẹ́ ni yóò hù." Láti orí ẹja, èèwọ̀ dé orí ẹyin, ó kan ẹ̀wà, ó kan ẹ̀fọ́. Ẹ̀kọ àti ṣúgà ló kù. Ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹja wá gbẹ bíi panla. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òòyì gbé e ṣubú lójú àwọn oníbàárà nídìí aṣọ tó ń tà.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kò fi epo bọyọ̀. Sòríásìsì ni, àìsàn awọ ara, kì í ràn, ẹja kọ́ ló fà á. Oúnjẹ kò lè wò ó sàn, kó má fi ìpara tí òun fún un sílẹ̀; ṣùgbọ́n ara tí kò jẹun, kí ni yóò fi bá àìsàn jà?

Ọbẹ̀ ti ń hó nílé nígbà tí Alhájà yọ sí Hàbíbátù nídìí ààrò.

"Hàbíbátù, kí lo ń sè?"

Ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

"Àrọ̀ ni, Màámi. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́, màá sì jẹ ẹ́. Ẹ má bínú. Àrọ̀ ò kúkú ní ìpẹ́."

Alhájà bojú wo inú ìkòkò. Ta ni yóò jiyàn pé àrọ̀ ní ìpẹ́? Ẹ̀rín fẹ́ pa Hàbíbátù, àfi bó ṣe rí i pé omi ti lé sí wọn lójú.

"Mo ní àbúrò kan, Muslimah," ni wọ́n wí. "Irú èyí ló mú un. Gbogbo oúnjẹ la fi dù ú. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá àìsàn ló pa á, àbí ebi."

Hàbíbátù gbójú sókè wò wọ́n. Láti ọdún kan tó ti ń bínú sí wọn, ẹ̀rù ló kúkú ń ba Alhájà.

Alhájà fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó tì í.

"Ẹ̀fọ́ wo," ni wọ́n bèèrè, "ni nọ́ọ̀sì ní ká já sí i?"