Ohùn Inú Yàrá Tìmílẹ́hìn

"Dúró síbẹ̀. Màá wá bá ọ níbi tóo sá pamọ́ sí."

Ohùn náà ti inú yàrá Tìmílẹ́hìn wá, ó rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Bùsáyọ̀ dá ọ̀bẹ dúró lórí ilá. Tìmílẹ́hìn fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í ní kíṣìnnì yìí, tó ń bó àlùbọ́sà.

"Ta ló wà ní yàrá ẹ?"

"Mummy, na Daddy."

Ọ̀sán gangan ni, gbogbo àdúgbò Ugbor dákẹ́ rọ́rọ́. Adéṣínà ọkọ Bùsáyọ̀, ọ̀gá ní báńkì, alàgbà ní ìjọ wọn ní Sapele Road, ló máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lọ́la lórí bí géèmù oníbọn ṣe ń sọ ọmọ di òǹrorò. Kò sí iṣẹ́ tó ní màíkì nínú tí í kọ̀. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fìdí múlẹ̀, ó ti sọ pé Tìmílẹ́hìn, tó ń gbá géèmù náà, gbọ́dọ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ Adébùkọ́lá, ẹ̀gbọ́n òun, ní Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá yìnbọn pa ọmọ náà nínú géèmù, ẹ̀rín ló máa ń rín. Bàbá rẹ̀ ní inú ọmọ náà ni ìwà ipá náà ń gbé.

Bùsáyọ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì. Iná tẹlifíṣọ̀n mú ojú ọkọ rẹ̀, tó di kọ́ńtróólù géèmù mú, dà bí aró. Ojú náà kò ṣẹ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Bàbá Tìmílẹ́hìn?"

"Ìwádìí."

Ọmọdé kan tó ń bá a gbá géèmù náà láti ibòmíràn rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀rọ: "Old man, you don die again."

"Ṣóo gbọ́ ọ? Èmi, alàgbà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ní sà."

Tìmílẹ́hìn ti dé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. "Daddy, na small pikin. Na play." Ó nawọ́ láti gba kọ́ńtróólù.

Adéṣínà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kúnlẹ̀ kóo tó bá mi sọ̀rọ̀," ó fi ohùn rírọ̀ yẹn wí. Àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì ń yìnbọn.

Tìmílẹ́hìn kúnlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Bùsáyọ̀ tú ìka ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Bùsáyọ̀ mú ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì pe Adébùkọ́lá ní Àkúrẹ́.

"Àǹtí, ẹ má retí Tìmílẹ́hìn mọ́."

"Ah ah. Ṣé bàbá ẹ̀ ti yọ́nú ni?"

"Rárá, mà." Ó wo ọwọ́ ọmọ náà tó ti ń wú. "Yàrá tí ẹ tọ́jú fún un yẹn, ṣé ó lè gba àgbàlagbà bí àbúrò yín?"