Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Aláìsàn

"Bàbá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Aránṣọ na ọwọ́. Okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe sáré kúrò nídìí ẹ̀rọ. Káfíńtà ò fún un. Ó ti jókòó sídìí ìtọ́kọ̀.

"Ilé mi ni wọ́n ti pè," ló wí.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi mú un wá. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀ tá a fi ṣòfin: ẹni tó bá ni aláìsàn kì í wa ọkọ̀."

Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà ló gbé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ń wo ẹ̀yìn ju iwájú lọ, tó sì lọ forí ọkọ̀ sọ ògiri. Àwọn ará àdúgbò ló ni ọkọ̀ aláìsàn yìí, àwọn náà ló ń wà á, ẹnikẹ́ni kì í gbowó. Ẹni tí fóònù tí wọ́n fi ń pè wọ́n bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí ọkọ̀. Bó bá dún, oníṣẹ́ á gbé iṣẹ́ sílẹ̀: ẹnì kan á wakọ̀, ẹnì kejì á jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn. Káfíńtà ò jókòó lẹ́yìn rí. Iwájú ló bá a lára mu, iwájú ò béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá Má-fọhùn ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé aránṣọ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀ pálọ̀, àkàbà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò tó pè wọ́n kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má baà mì.

"Ẹ má bínú, Bàbá wọn," ìyàwó wí. "Kọ́tìnì ni mo ń so."

Wọ́n fi kọ́là líle dè é lọ́rùn, wọ́n ti pátákó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e. Káfíńtà mọ iṣẹ́ yìí bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ló wọ̀ tọ aya rẹ̀.

"Orí ni wọ́n fi gbalẹ̀, Bàbá," aránṣọ wí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. "Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa dá yín lóhùn. Bí ohùn wọn bá yí padà, ẹ ké sí mi."

Ọkọ̀ gbéra, fèrè rẹ̀ ń han. Káfíńtà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Bàbá o! Mi ò gbọ́ nǹkan kan o!"

"Mo ń ronú ohun tí mo máa sọ."

"Ẹ má ronú! Ẹ sọ̀rọ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sùn."

"Má sùn, Ìyá wọn." Káfíńtà tẹ ọwọ́ rẹ̀. "O mọ orin tó o máa ń kọ nílé ìdáná láràárọ̀?"

"Orin wo?"

"Èyí tó ò mọ òpin rẹ̀. Bó o bá dé ibì kan, wàá padà síbẹ̀rẹ̀." Ó sún mọ́ ọn. "Bàtà tí mo máa ń wá kí n tó jáde, kò sọnù rí. Èmi ni mo máa ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí n lè gbọ́ orin yẹn sí i ni."

Ìyàwó la ojú méjèèjì. "Bàbá wọn! Èmi tí mo ń bá yín tú gbogbo ilé! Èmi tí mo ń fi ìgbálẹ̀ wá abẹ́ àga!"

"Ìwọ náà ni."

"Ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú mi!"

"O máa ń kọrin bó o bá ń wá a."

Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín níwájú, ṣùgbọ́n kò dẹ eré.

Wọ́n gun afárá. Ọwọ́ ìyàwó rọ̀ nínú tirẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé.

"Ìyá wọn. Kí ni mo máa ń wá láràárọ̀?"

Kò dáhùn.

"Ó ti dákẹ́!" ó ké síwájú.

"Ẹ má dákẹ́ ní tiyín! A ti ń débẹ̀!"

Káfíńtà fẹnu mọ́ ọn létí. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí ń tú jáde, kò sì tò wọ́n: pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun òun bí aya òun kò bá sí nílé, pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń dé ni òun fi wọn gbogbo pẹpẹ ilé ìdáná, kó má baà nàgà, pé ẹ̀rù ń ba òun. "Kí ni mo ń wá láràárọ̀, aya mi?"

Ètè rẹ̀ mì. "Irọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ń fà. "Irọ́ lẹ máa ń wá."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé ohùn wọn yí padà?" ni dókítà béèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Lórí afárá. Ó dákẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń fà."

Dókítà ò béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n tì í wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n lọ ya àwòrán orí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sun sínú orí, ṣùgbọ́n àwọn tètè rí i, ó sì ti dúró. Aránṣọ ti dá ọkọ̀ padà sí àdúgbò. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá káfíńtà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ lè dákẹ́ báyìí. Ewu ti kọjá. Wọ́n lè sùn."

Ìyàwó ò la ojú.

"Ẹ má dá wọn lẹ́kun, nọ́ọ̀sì," ló wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Káfíńtà fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì.