Òjò Nínú Kíṣíìnì Màmá Tjarks

Nígbà tí Silke, ọmọ kan ṣoṣo tí Wiebke bí fún Detlef, kó lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, yàrá rẹ̀ ṣófo. Wiebke fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Detlef, tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ọkọ̀ òkun ṣe ní èbúté Bremerhaven ní Jámánì, fẹ́ gbé òkun wọlé: táńkì onídígí, omi oníyọ̀, iyùn alààyè tó ń dàgbà lábẹ́ omi, àti ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì.

"Ọkùnrin yìí, òkun mà wà ní ìparí àdúgbò wa."

"Tibẹ̀ yẹn tutù, ó sì dúdú bíi kọfí tìẹ."

Ẹ̀rín pa Wiebke. "Ó dáa. Àmọ́ kí omi má kan ilẹ̀ onípákó mi o!"

Detlef bá fara balẹ̀ ṣètò páìpù. Omi táńkì òkè á kún dé etí, á ṣàn wọ àpótí kékeré kan ní igun, á gba páìpù sọ̀ kalẹ̀ sí táńkì kejì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti máa kúrò, kí pọ́ńpù tó tì í padà sókè. Ó tilẹ̀ fi páìpù ìsọ̀kalẹ̀ kan kún un, nítorí ìgbín inú omi lè lọ dí ti àkọ́kọ́.

"Tí iná bá lọ ńkọ́?" Wiebke bi í.

"Iná wo? Ìgbà wo niná lọ níbí gbẹ̀yìn?"

"Mo ní tó bá lọ."

"Pọ́ńpù á dúró, omi náà á dúró. Ó parí."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fi omi ẹ̀rọ lásán dán an wò. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, kò pariwo. Detlef bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí táńkì ká. Wiebke wò ó tìfẹ́tìfẹ́, ó nawọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa wáyà yọ.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Iná ló lọ."

Pọ́ńpù dúró. Omi ò dúró. Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sókè ti rì jìnnà sínú táńkì òkè, ló bá ń fa omi gba ọ̀nà tó gbà wá. Táńkì ìsàlẹ̀ kún, ó dà sílẹ̀. Wiebke kó táwẹ́ẹ̀lì, ó kó aṣọ ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Kí Detlef tó rí ẹnu páìpù náà fà kúrò lómi, ilẹ̀ ti di adágún.

Wọ́n gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Tjarks ni, ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, pẹ̀lú agboòrùn ní ṣíṣí.

"Detlef, òjò ń rọ̀ ní kíṣíìnì mi. Mo sì yọjú síta, oòrùn ló ń ràn."

"Ẹ má bínú mà. Omi ẹ̀rọ ni, mi ò tíì fi iyọ̀ sí i."

"Áà, ó mà ṣe o. Ká ní iyọ̀ wà níbẹ̀, ǹ bá fi se ọ̀dùnkún."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ nu kíṣíìnì rẹ̀ gbẹ. Ó po tíì fún wọn. Detlef kò lè gbórí sókè. Wiebke gbọ́wọ́ lé e lórúnkún.

"O mọ iṣẹ́ rẹ, olólùfẹ́ mi. O kàn gba àwọn oníná gbọ́ ju ìyàwó rẹ lọ ni."

Màmá Tjarks rẹ́rìn-ín títí tíì fi ta sí i láyà. Detlef náà bá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹnu páìpù náà sókè, ó ku díẹ̀ kó yọ lójú omi. Ó tún dín omi táńkì ìsàlẹ̀ kù kí àyè lè wà. Màmá Tjarks ni wọ́n ní kó wá fa wáyà. Omi lọ sílẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn wọ páìpù, ó dún fọ̀ọ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò sí ẹ̀kán omi kan nílẹ̀. Wiebke fẹnu ko ọkọ rẹ̀ lórí.

Nígbà tí iyùn ti fìdí múlẹ̀ tí ẹja sì dé, Màmá Tjarks a máa gòkè wá hun ìbọ̀sẹ̀ níwájú táńkì.

"Èyí tó tóbi yẹn ló ń lé èkejì kiri," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ọkọ nìyẹn, àbí?"

"Ìyàwó ni, mà. Nínú irú ẹja yìí, obìnrin ló máa ń tóbi jù," ni Wiebke dáhùn.

Detlef gbọ́. Ó ń gbé tíì wọn bọ̀ láti kíṣíìnì.