Kíákíá Yege

“Má tíì fọwọ́ kàn án o. Ó di ìgbà tí mo bá ní ‘ó yá’.”

Ọmọbìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé e lé itan. Pátákó oníhò kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, èèkàn irin wẹ́wẹ́ sì kún inú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi mú èèkàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa kì wọ́n bọ inú ihò, kí wọ́n lè fi bó ṣe yára tó wé ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó mú aago dání ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Dókítà Ọwọ́. Kì í ṣe dókítà, àmọ́ kò kọ orúkọ náà rí.

Ìyá ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di báàgì mọ́ àyà, ètè rẹ̀ ń mì fún àdúrà. Opó ni, aṣọ ló ń bá àwọn èèyàn fọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ọmọ yìí, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ti ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kíákíá, torí kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó lè di búrẹ́dì sínú ọ̀rá bíi tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì ló gé e ní àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ ọ̀tún. Awọ jinná, iṣan inú kò jinná. Oníṣẹ́ abẹ ní òun lè so iṣan náà bí wọn ò bá jẹ́ kó pẹ́ jù. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán ọwọ́ náà wò: bó bá lọ́ra ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Ọ̀gá Búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni yóò sanwó iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹnikẹ́ni kò là yé ìyá Kíákíá. Akọ̀wé ọ́fíìsì kàn ní, “Màmá, ẹ mú un lọ fún ìdánwò,” ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Ìdánwò! Obìnrin náà kò kàwé, àmọ́ ó mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń yege nínú ìdánwò. Bó ṣe délé, ó da ẹ̀wà sórí ẹní, ó gbé ìgò ẹlẹ́nu tóóró sílẹ̀, ó ní kí ọmọ máa ṣa ẹ̀wà náà sínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà ń jábọ́, ọmọ ń sunkún, ìyá náà ń sunkún, yóò sì tún ní kó mú òmíràn. Nígbà tó yá, Kíákíá wá ọgbọ́n dá sí i. Ó pa ìka méjèèjì tí kò ká mọ́ tì, ó ń fi ìka àárín àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ há ẹ̀wà láàárín, ó sì ń sọ ọ́ sínú ìgò.

Ọ̀gá Búrẹ́dì ti múra lọ́nà tirẹ̀. Fíríìjì tuntun kan wà ní igun yàrá ìdánwò náà, wọn ò tíì yọ ọ̀rá lára rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ ní ìtìjú tí wọn ì bá fi gbé e gba ẹ̀yìn ilé lọ fún Dókítà Ọwọ́. Ọ̀gá Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ rọ̀gbọ̀kú sórí àga tó dára jù nínú yàrá náà.

“Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ wa á ṣe é.”

“Àmín o, bàbá wa. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá dúró tì wá.”

Òfin ìdánwò náà kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ ti fi irú rẹ̀ kọ́ra ṣáájú. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá nìkan ló sì gbọ́dọ̀ fi mú èèkàn. Dókítà Ọwọ́ mọ òfin yìí, òun náà ló ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

“Ṣé o ti ṣe irú eléyìí rí?” Dandan ni kó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi àti màmi máa ń ṣe é nílé.”

Dókítà Ọwọ́ wúkọ́. Ó wo Ọ̀gá Búrẹ́dì, Ọ̀gá Búrẹ́dì ń wo àjà.

“Kò burú. Ó yá!”

Èèkàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ihò. Ìka méjì le gbagidi lọ́tọ̀, wọn ò bá àwọn yòókù ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá lójú ló máa rí wọn. Dókítà Ọwọ́ rí wọn, ó sì dákẹ́. Kò tilẹ̀ dákẹ́ lásán, ó tún ń fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ náà ní kẹ́ṣẹ́.

“Àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó wá lánàá yára jù báyìí lọ o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Kíákíá fi eyín di ètè, òógùn bo imú rẹ̀. Nígbà tí èèkàn tó kẹ́yìn wọlé, Dókítà Ọwọ́ gbé aago sókè.

“Ó yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ!”

Ìyá náà fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó jó yí àga ká. Ọ̀gá Búrẹ́dì náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Kíákíá kúnlẹ̀ fún àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

“Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ tiyín rọ.”

Dókítà Ọwọ́ ṣe àmín.

Wọ́n padà sílé, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n fún iṣẹ́ abẹ. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Nígbà tí ara ìyá náà kò gbà á mọ́, ó wọ bàtà, ó gba ọ́fíìsì lọ bá akọ̀wé.

“Iṣẹ́ abẹ wo, Màmá?”

“Ti ọwọ́ ọmọ mi. Ó ti yege, sà.”

“Mo rí i pé ó yege. Ìdí tá a fi pa fáìlì ẹ̀ dé nìyẹn. Ọwọ́ tó yára ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n fi abẹ ṣe sí i?”

“Ìka ẹ̀ ò ká, sà!”

“Kò sí nínú fáìlì yìí.”

Obìnrin náà di etí tábìlì mú. “Tí kò bá yege ńkọ́?”

“Tí kò bá yege ni wọn ì bá sanwó.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ẹ ò bi wá, Màmá.”

Kó tó délé, Ọ̀gá Búrẹ́dì ti ránṣẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ti dá ṣáṣá, kí Kíákíá padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Bí kò bá fẹ́, kí òun àti ìyá rẹ̀ kó ẹrù wọn kúrò nínú yàrá tí wọ́n ń gbé, ilé òun ni.

Láàárọ̀, ọmọ náà dúró sáàárín yàrá nínú ẹ̀wù iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a dé bọ́tìnnì, torí ọwọ́ tó yára ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yìí kò lè dé bọ́tìnnì.

“Màmi, ṣé wọ́n ti mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ?”

Ìyá rẹ̀ mú bọ́tìnnì tó kàn.

“Àbí mi ò yára tó ni?”

“O yára,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó dé èyí tó kẹ́yìn lábẹ́ ọrùn, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.