Pa Baba

Ẹni tó bá sọ pé láìsí mọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kò ní ṣiṣẹ́, irọ́ ló ń pa. Èmi Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìgàndò, ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń sọ ọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, Windows kì í rìn nínú wọn mọ́. Kí ó tó jí, tíì tí ènìyàn gbé síwájú á ti tutù. Linux ni mo máa ń fi sí i fún àwọn oníbàárà mi, ẹ̀rọ náà á sì máa sáré. Ṣùgbọ́n mo ní ìwà kan. Mo kórìíra kí ènìyàn máa fi mọ́ọ̀sì wá nǹkan kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ojú dúdú ni mo fẹ́ràn, ibi tí ènìyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, tí ẹ̀rọ á sì ṣe é láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ tí ojú dúdú ń gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì gígé ni: ls, cp, rm. Àwọn oníbàárà mi kì í rántí wọn. Ni mo bá fi Yorùbá rọ́pò wọn, láìfi àmì ohùn sí i, kí títẹ̀ rẹ̀ má bàa ni wọ́n lára. Ẹ tẹ wo, ẹ ó rí ohun tó wà nínú fódà. Ẹ tẹ da, á da nǹkan kọ sí ibòmíràn. Ẹ tẹ tan, ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ á máa sọ̀rọ̀. Mo kọ wọ́n sínú pépà kan, mo sì ń fún gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. Mo tún máa ń fi ẹnu sọ díẹ̀ kún un: bí orúkọ bá gùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tẹ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ kí ẹ wá tẹ Tab, ẹ̀rọ á parí rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá gbàgbé ohun tí ẹ tẹ̀ lánàá, ẹ tẹ ọfà tó kọjú sókè, á gbé e padà wá. Ẹ ṣọ́ra fún àlàfo, àlàfo kan ṣoṣo lè sọ orúkọ kan di méjì. Wọ́n á ní "Ẹ ṣeun, Injiníà," orí mi á sì wú.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Rm tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pa nǹkan rẹ́, pa ni mo pè é. Ojú dúdú kò ní agbọ̀n ìdọ̀tí tí ènìyàn lè padà lọ tú. Ohun tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Àwọn tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé ó dá ọ lójú? Èmi yọ ìbéèrè náà kúrò nínú tèmi, torí ó máa ń bí mi nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é sínú ẹ̀rọ gbogbo ènìyàn, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Tíṣà Fàtíà ra ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n ti wá ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala kan lẹ́yìn ilé ni gbogbo ohun tó ṣẹ́kù. Abala yẹn ni ẹbí ń sin òkú sí láyé àtijọ́. Sàréè márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìyá tó bí Tíṣà sì wà nínú ọ̀kan. Nímọ́tà ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ ọdún méjì ni Tíṣà nígbà tí wọ́n kú. Wọn ò kọ nǹkan kan sórí sàréè kankan, igi tí wọ́n fi ń mọ ibẹ̀ ti wó, koríko sì ti bo gbogbo rẹ̀. Bàbá Sàkàrìyáù, àgbà ẹbí wọn, nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ ti Nímọ́tà, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún sì ni Bàbá.

Nasir, àbúrò Tíṣà tí ìyá mìíràn bí, fẹ́ kọ́ ilé sórí abala náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú mi pé, "Àǹtí mi, ẹ ṣá fi ibi tí màmá yín wà hàn mí. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Màá mọ ògiri yí i ká fún yín." Orúnkún Bàbá kò gbà kí wọ́n rìn dé ibẹ̀ mọ́, ni Tíṣà bá gbé fóònù síwájú wọn. Ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó. Bàbá ń rò ó, wọ́n ń yà sọ́tùn-ún sósì: ẹsẹ̀ mélòó ni láti ẹnu kànga, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta, ta ló kú lọ́dún wo. Tíṣà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ohùn yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Fóònù kún. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo kó gbogbo ohùn náà kúrò lórí rẹ̀ sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà wọn, mo sì pe fódà náà ní baba. Mo ní màá da ẹ̀dà kan kọ sórí fláàṣì. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Tíṣà, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá, ó mú apá ọ̀tún wọn, ó sì mú ẹnu. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó lè sọ ibi tí Nímọ́tà wà mọ́ bí kò ṣe fódà yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, Nasir ní lọ́la ni òun ń mú àwọn tó máa wọn ilẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Tíṣà gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì ní pálọ̀, wọ́n mú bírò àti ìwé, wọ́n tẹ tan baba. Bàbá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohùn náà ń lọ dáadáa. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ sàréè gan-an, Bàbá gbọ́ ohùn ara wọn tó já gaara, tó ń pe Nímọ́tà lórúkọ, wọ́n sì fi igbe ta. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbá àyà, itọ́ ń dà, wọ́n fẹ́ já bọ́ lórí àga. Ẹ̀rù ba Tíṣà. Wọ́n fi ọwọ́ kan di Bàbá mú, wọ́n ń fi ìkejì wá bí ohùn náà yóò ṣe dákẹ́.

Mo ti ṣe ọ̀rọ̀ tan yẹn kí ó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kò sí bọ́tìnnì lójú kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè fi dá a dúró. Ọ̀rọ̀ tó ń dá a dúró ni dake, ẹ̀yìn pépà ni mo sì kọ ọ́ sí, torí iwájú ti kún. Iwájú ni Tíṣà wò. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ nìyí:

tan: láti tan ohùn
pa: láti pa á

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Yorùbá wo ni kò ní ṣe ohun tí Tíṣà ṣe? A ń tan iná, a ń pa iná. A ń tan rédíò, a ń pa rédíò. Tíṣà tẹ pa baba. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ara àwọn bù máṣọ nígbà tí àwọn rí ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pé àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí àwọn tó tẹ Enter. Ohùn náà kò dákẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀, kò dákẹ́. Ni wọ́n bá pè mí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Festus, oníbàárà mi kan tó da tíì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, dúró lé mi lórí, ó ń sọ pé òun kò da nǹkan kan sí i. Inú ti ń bí mi.

"Ràímì, mo pa á, kò pa!" Tíṣà ń pariwo. "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀!"

Lẹ́yìn ohùn wọn, mo gbọ́ Bàbá méjì. Ọ̀kan ń ké. Ìkejì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mi ò bi Tíṣà pé kí ni ẹ tẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

"Tíṣà, ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn jàre, kí ẹ tún un tàn."

"Ṣé kí n kàn pa á báyìí?"

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, kí ẹ kà dé mẹ́wàá."

Wọ́n ń kà á sí mi létí. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́jọ, Bàbá tó ń júwe ọ̀nà dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì kọjú sí Festus.

Kò tó wákàtí kan tí wọ́n tún pè, pé àwọn ò rí fódà náà mọ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìṣẹ̀rí. Bàbá ti sùn lórí àga. Mo tẹ ọfà tó kọjú sókè, pa baba jáde. Mo tún un tẹ̀, pa baba. Mo tún un tẹ̀, tan baba.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí Tíṣà kò mọ̀. Nínú Linux, bí ẹ bá pa fáìlì kan rẹ́ nígbà tí nǹkan kan ṣì ń lò ó lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ara rẹ̀ ṣì wà. Títí ohun tó ń lò ó yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀, ènìyàn lè dà á kọ padà. Mo ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo tilẹ̀ fi ṣe fáàrí káàkiri Ìgàndò. Àwọn ohùn yòókù ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ lórí fóònù ṣì wà láàyè, òun gan-an sì ni ti sàréè. Ká ní mo sọ pé, "Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, mò ń bọ̀," tàbí kí n tilẹ̀ fi sùúrù bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á. Wọ́n kà á sí mi létí, mo sì ń gbọ́.

Mo wá a títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Díìsì tí mo fi sínú ẹ̀rọ náà jẹ́ irú tuntun tó ń gbá ojú ibi tí fáìlì ti kúrò mọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ lè yára. Ó ti gbá a mọ́.

"O gbọ́ ọ lórí fóònù," Tíṣà wí. "Kí ni Bàbá ń sọ?"

"Mi ò fetí sí i, Tíṣà."

Wọ́n mi orí. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ṣá gbìyànjú, àbúrò mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo di báàgì mi, mo jẹ́ kí obìnrin náà gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan sùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Bàbá tàga tàga lọ sórí ilẹ̀ náà. Nasir tẹríba níwájú wọn. "Bàbá, ẹ fi ọwọ́ hàn wá. Níbo ni ìyá Àǹtí wà?" Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó lọ síbi kànga, ó padà síbi ògiri, ó sì já lulẹ̀ sórí itan wọn. Olúkúlùkù wa ló rí ibi tirẹ̀. Nasir mú sùúrù títí di àsìkò ìrun Ayílà. Ó wá ní, "Àǹtí, ibi tí ọkàn yín bá sọ, ẹ mú un. A ó fi í sílẹ̀." Tíṣà bọ́ bàtà, wọ́n rìn yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì dúró sí ìdí ògiri. Wọ́n ta okùn yí i ká.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbi kànga, ni ṣọ́bìrì bá kan egungun.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti kó o sórí aṣọ funfun. Ẹni kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ọmọdé. Álífà ti dé, ó sì béèrè orúkọ òkú kí ó lè fi ṣe àdúà. Wọ́n gbé Bàbá wá. Tíṣà kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ṣé màmá mi nìyí?"

Bàbá la ẹnu. "Mà... mà..."

"Alihamdulilai," Álífà wí. "Wọ́n ní màmá ni."

"Mà náà ni wọ́n ń wí tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, Álífà," Nasir dáhùn. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Tíṣà kọjú sí mi. "Ràímì, ẹkún wo ni kí n sun? Ti ìyá, àbí ti ẹni tí mi ò mọ̀?"

Mo sọ fún wọn níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní fáìlì náà ṣì wà nígbà tí wọ́n pè mí, pé mo lè yọ ọ́, pé èmi ni mo ní kí wọ́n pa á. Tíṣà bi mí léèrè.

"Nígbà tí mò ń ka oókan dé mẹ́wàá sí ẹ létí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú etí aṣọ funfun náà, wọ́n ní kí n di etí kejì mú. A jọ gbé e. Kò wúwo rárá.