Àbá Tí Marlys Fẹnu Ara Rẹ̀ Dá

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Nígbà tí Marlys Tveit ń wá ìbò láti wọ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ilé tí kò yà lókè odò, kò sì sí ilé tó yà tí kò ti mu kọfí. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wa: bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ á máa dúró lẹ́nu ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ láti ìgbà ìkórè pé epo ti wọ́n, pé kí àwọn ọmọ òkè odò máa kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kí bọ́ọ̀sì wá kó wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ òtútù Minnesota mọ̀ pé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe ibi téèyàn ń fi ọmọ sí láàárọ̀. Kò sígi, kò sí ilé, afẹ́fẹ́ ń ti pápá bọ̀ tààrà. Èmi àti ọkọ mi, màlúù la ń sìn, àárọ̀ la sì ń fún wàrà. Ta ni ì bá máa gbé àwọn ọmọ mi lọ?

Ẹni tó ti Marlys lẹ́yìn jù lọ ni Orrin Sather, bàbá àgbàlagbà tó ń dá tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, Jorie. Ojú Orrin kò jẹ́ kó wakọ̀ mọ́. Ọmọ náà ní tiẹ̀, bí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ sí i fúngbà díẹ̀, á máa wúkọ́ ni, àyà rẹ̀ á máa han. Bí bọ́ọ̀sì ò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ilé ni Jorie máa wà títí yìnyín á fi yọ́. Orrin ló ri àwọn pátákó ìpolongo Marlys mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì, ó ń fọwọ́ wá ibi tó máa sọ òòlù sí. Ó ní òun ò bèèrè ohun púpọ̀, kí Marlys ṣáà máa sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Marlys ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Orrin. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ lọ."

Àwa ará òkè odò la gbé e wọlé, kí n má parọ́. Marlys kì í ṣe èèyàn burúkú. Níbi tó ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn bíi tiẹ̀. Àbùkù kan ló ní, àbùkù gbogbo wa sì ni: kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláriwo. Láàárín wa níbí, wọ́n lè dárí ji olè. Ẹni tó bá dá ìpàdé dúró, títí dọmọ-ọmọ ni wọ́n á máa fi ṣàpèjúwe. Duane Pfeiffer, tó ti ń ṣe alága ìgbìmọ̀ yẹn látìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, fún un ní kéèkì lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un, ó ní ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun tó gbọ́n máa ń fọdún kan gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Marlys rẹ́rìn-ín, ó jẹ kéèkì.

Ìpàdé rẹ̀ kejì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ wa fẹ́ gbá họ́kì pẹ̀lú ìlú kejì. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ họ́kì wa sábẹ́ kóòtù wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é: gbogbo ohun tí wọn ò retí kí ẹnikẹ́ni jiyàn lé, wọ́n á dì í pọ̀ bí ẹrù, wọ́n á sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Alága á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú ẹrù náà. Kéèyàn ṣáà dárúkọ nǹkan ọ̀hún, wọ́n á yà á sọ́tọ̀, wọ́n á jíròrò lé e. Bí gbogbo ẹnu bá dákẹ́, ó parí.

Ìwé ìpàdé ti dọ́wọ́ Marlys ṣáájú. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó rí ọ̀rọ̀ òrùlé ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé ìwé náà sórí fìríìjì láìṣí ewé tó kù.

Duane bèèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ yọ nǹkan kan, aago ara ògiri ló sì ń wò bó ṣe ń bèèrè. Wọ́n dákẹ́. Ó wá yíjú sí Marlys, ó ní kí ọmọ tuntun gba ọlá àbá náà. Inú Marlys dùn. Ó nawọ́ sókè, ó dá a lábàá kí wọ́n fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tì í lẹ́yìn, gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀wé wá ń ka ohun tí wọ́n fọwọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́: òrùlé, wàrà ilé oúnjẹ, ìsinmi olùkọ́ kan, ọ̀nà tuntun tí bọ́ọ̀sì òkè odò á máa gbà.

Iwájú ni mo jókòó sí, mo gbọ́. Mo rí Marlys tó ń ṣí ìwé náà wéréwéré. Ó rí ibẹ̀, ó kà á, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

Ó ṣì lè tún un ṣe. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá wà lára àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, bí ìpàdé ò bá tíì tú. Kó ṣáà sọ pé òun ò ka ohun tí òun dá lábàá ni. Àwa tí a ò forúkọ sílẹ̀ ṣáájú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò.

Àsìkò tí ará ìlú ń sọ̀rọ̀ ló kàn. Orrin ti forúkọ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ó ń di àga mú títí ó fi dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí akọ̀wé kà.

"Òkè odò ni mò ń gbé," ló wí. "Mi ò bá ẹjọ́ wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń sọ̀rọ̀ níbí, tẹ́ ẹ kàn ń wò wá bí ẹni ń wo màlúù. Ní báyìí a ti lẹ́nì kan níbẹ̀ yẹn. Marlys, o ṣé. Látìgbà tó o ti wọlé ni mo ti ń rí oorun sùn."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kì í dá ará ìlú lóhùn, òfin wọn nìyẹn, Marlys sì sá sábẹ́ òfin náà. Ó sorí kọ́. Ojú tì mí fún un débi pé bàtà mi ni mò ń wò. Duane bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn wà. Ẹnu Marlys là díẹ̀, ó tún padé. Ìpàdé tú, wọ́n sáré lọ wo họ́kì.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà Orrin láìdúró, Marlys ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, inú ọkọ̀ náà ti móoru. Ó sọ fún Orrin pé wọ́n ti yí ọ̀nà bọ́ọ̀sì padà, pé òun á máa gbé Jorie lọ láràárọ̀. "Wọ́n," ló wí, kò ní "èmi." Orrin dúpẹ́ títí, èmi tí mo gbọ́ lọ́jọ́ ìpàdé náà ò sì tú u fó. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbọ́, tí pásítọ̀ sì dárúkọ rẹ̀ lórí àga ìwàásù pé irú aládùúgbò báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ní ṣe ló wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bú. Ó sì ń kọjá lára àwọn ọmọ mi láràárọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kò lè wo ojú wọn.

Ọjọ́ kan wá tí Orrin bá wọn wọkọ̀, ó ń lọ rí dókítà ojú. Jorie ló sọ ìyókù fún mi. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ náà juwọ́ sí àwọn ọmọ mi, ó ní àwọn ọmọ Haugen rèé, wọ́n ti dì bí ẹja. Orrin bèèrè ta ló fi wọ́n síbẹ̀. Ọ̀nà ni Marlys ń wò. Orrin tún bèèrè.

"Èmi ni," ni Marlys wí. "Èmi ni mo dá àbá ẹ̀. Mi ò kà á."

"Nígbà tí mò ń dúpẹ́, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Orrin ní kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó àwọn ọmọ mi sínú ọkọ̀, ó ní kí Marlys gbé wọn lọ, òun á dúró níbẹ̀.

Ọmọ mi àgbà ló pè mí lórí fóònù. Mo fi màlúù sílẹ̀, mo gbé ọkọ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀, Marlys náà ti ń padà bọ̀. Yìnyín ti bo èjìká Orrin. Marlys ṣílẹ̀kùn fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé. Orrin ò kanra. Ọkọ̀ tèmi ló fọwọ́ wá lọ.

"Marlys," ló wí, "mi ò dìbò fún ọ kó o máa gbé wa. Torí kó o lè lanu ni mo ṣe dìbò fún ọ."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Marlys ṣì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀.