Lọ́ọ̀kì àti Dáàmù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí etí ìyá ṣe ń gbọ́ràn, kó lọ bi Màmá Damaris. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá sí Stockbridge lókè òkun, kó wá tọ́jú Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ bímọ. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ Mosúnmọ́lá lára. Ìkẹta yìí ti wọ oṣù kẹsàn-án, ẹ̀rù sì ń ba ìyá ju ẹni tó lóyún lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ní ìsàlẹ̀ odò Chattahoochee lọ́jọ́ Sátidé. Inú Màmá dùn, ó ti yan gèlè tó máa wé. Àfi ìgbà tí Déolú, tó ṣètò ìrìn náà, wá ṣàlàyé.

"Mà, lock and dam àtijọ́ ni. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Dáàmù ló sé odò, lọ́ọ̀kì ló ń gbé ọkọ̀ gòkè. Bí a bá wọlé tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi á kún, á gbé wa dé òkè, wọ́n á wá ṣí ti iwájú."

Nínú gbogbo àlàyé yìí, "tì" nìkan ni Màmá gbọ́.

"Lọ́ọ̀kì? Àgádágodo nìyẹn! Tún wá dààmú! Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀, àgádágodo àti ìdààmú! Ibẹ̀ lẹ fẹ́ gbé aboyún lọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Mummy, please now," Mosúnmọ́lá dá sí i. "Dáàmù ni, kì í ṣe dààmú."

"Nọ́ọ̀sì ni ẹ́, mi ò bá ẹ jiyàn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti obìnrin pa tí kò lè bí, dókítà kì í rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, Oyèkànmí, ọkọ Mosúnmọ́lá, wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò títí, kò rí i. Inú gèlè Màmá ló wà, ẹ gbà mí o! Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó yọ ọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé Mosúnmọ́lá ò ní wọ ọkọ̀. Orí ògiri lókè ni òun àti ọkọ rẹ̀ máa dúró sí, kí wọ́n máa wòran.

"Èmi tí mo ti bímọ tán ni kí wọ́n tì," Màmá ní. "Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀?"

Bí ọkọ̀ ṣe gbé òun àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú lọ́ọ̀kì láti ìsàlẹ̀ odò nìyẹn. Ògiri ibẹ̀ ga, ó ń yọ̀ bí ilá. Lókè téńté, Mosúnmọ́lá ń juwọ́ sí wọn. Òyìnbó tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kò tíì tì í, ó ń dúró de ọkọ̀ apẹja kan tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn. Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.

Àfi bí Mosúnmọ́lá ṣe dáwọ́ dúró. Ó di ikùn mú, ó lóṣòó.

"Kànmí! Kí ló dé?" Màmá ké sókè.

"Omi ọmọ ti dà, Mà!" Oyèkànmí pariwo láti òkè. "Mo ti pe ambulance, wọ́n ti ń bọ̀!"

"Mummy!" Mosúnmọ́lá ń sunkún. "Mummy, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ láìsí ẹ̀yin!"

Àkàbà irin wà lára ògiri, Màmá dì í mú, àmọ́ ó ń yọ̀ bí ògiri, kò ṣeé gùn.

"Déolú, báwo ni mo ṣe máa dé òkè?"

"Omi ló máa gbé wa, Mà. Àmọ́ omi ò lè kún, àfi tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Màmá yíjú sí òyìnbó náà. Gèlè ti já bọ́ lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ilẹ̀kùn tó ti ń gbàdúrà láti òwúrọ̀ pé kó má tì.

"Ẹ tì í! Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ti àgádágodo yẹn kíá!"

Òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó rí ibi tó nawọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀kùn irin náà pàdé gbì, Màmá ló kọ́kọ́ ṣe "Àmín." Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀.